Owó Ọ̀bà Tó Di Ti Ọ̀kà Lójú Ọ́dítọ̀

Ẹjọ́ tó dé àgbàlá Olóyè Iyìọlá ní Ìwàrò-Ọ̀kà lánàá, Ọjọ́bọ̀, obìnrin kan ló gbé e wá láti Ọ̀bà-Àkókó. Naomi lorúkọ rẹ̀. Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni, òun sì ni akápò ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ìlú Ọ̀bà. Láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni kò ti fojú ba oorun. Ó ti kí Olóyè tán, ó ti kí ìgbìmọ̀ tán, kó tó rí i pé bàtà ẹsẹ̀ òsì àti ti ẹsẹ̀ ọ̀tún òun ò bára mu. Ó yára fi ìró bò wọ́n, ó kúnlẹ̀.

Ẹni tó pè lẹ́jọ́ ti jókòó lódì kejì, ó ń fi bébà kan fẹ́ ara rẹ̀. Godwin ni, alága ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù Ìwàrò. Àbúrò olóògbé ọkọ Naomi ni, nítorí náà “ọkọ mi” ni obìnrin náà ń pè é, kódà lọ́jọ́ tó pè é lẹ́jọ́.

“Kí ló ṣẹlẹ̀, ìyàwó wa?” ni Olóyè bi í.

“Bàbá, owó ni mo wá gbà. Mílíọ̀nù méjì náírà. Kì í sì í ṣe tèmi, ti ẹgbẹ́ wa ní Ọ̀bà ni. A fẹ́ fi yá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ nítorí owó ilé-ìwé. Láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọkọ mi yìí pè mí lórí fóònù. Wọ́n ní ọ́dítọ̀ ìjọba ti dé láti Àkúrẹ́, pé Ìkàrẹ́ ló wọ̀ sí, pé ọ̀dọ̀ àwọn ló ń bọ̀ lọ́sàn-án láti wá yẹ ìwé àti owó wò. Wọ́n ní owó ò sí nílẹ̀. Wọ́n ní kí n jọ̀ọ́, kí n gbé tiwa wá, kí ọ́dítọ̀ náà ṣáà lè fojú rí nǹkan nínú àpótí.”

“Kó fojú rí i?”

“Kó fojú rí i lásán, Bàbá. Tó bá ti kà á tán tó sì ti lọ, kí n máa gbé owó mi lọ. Wákàtí mẹ́ta péré, wọ́n ní.”

“Ìwọ náà wá gbé e?”

Naomi wolẹ̀. “Mo gbé e, Bàbá. Wọ́n ní bí ẹ̀gbọ́n àwọn bá wà láyé ni, kò ní jẹ́ kí ojú ti àwọn.”

Ẹnì kan nínú ìgbìmọ̀ bú sẹ́rìn-ín, ó fi ikọ́ bò ó.

“Nígbà tó dìrọ̀lẹ́, mo ní kí wọ́n kó owó mi fún mi. Ọkọ mi ní kò sí owó mi níbẹ̀ mọ́. Bẹ́ẹ̀, lọ́la òde yìí, Ọ̀bà ni ọ́dítọ̀ náà ń bọ̀. Bó bá ṣí àpótí wa tí kò bá nǹkan kan níbẹ̀, èmi ni yóò mú. Ọdún márùndínlógójì ni mo fi kọ́ ọmọ wọn ní ìṣirò, Bàbá. Ìṣirò!”

Olóyè yíjú sí alága. “Godwin, ṣé ó gbé owó wá, àbí kò gbé e wá?”

“Ó gbé e wá, Bàbá.”

“Ṣé o dá a padà?”

“Kò sí ohun tí mo fẹ́ dá padà. Owó náà ti kúrò ní ti tẹ́lẹ̀.”

“Ó di kí ni?”

Godwin dìde, ó na bébà ọwọ́ rẹ̀ sókè. “Bàbá, ẹ wo òǹtẹ̀ ìjọba. Ẹ jẹ́ kí n kà á: ‘Mo ka owó inú àpótí ẹgbẹ́ yìí níṣojú alága àti akọ̀wé. Mílíọ̀nù méjì náírà ni. Ti ẹgbẹ́ ni, ó sì pé.’ Ọ́dítọ̀ fọwọ́ sí i. Èmi fọwọ́ sí i. Akọ̀wé wa fọwọ́ sí i. Kí wọ́n tó kà á, owó ìyàwó wa ni, mi ò jiyàn. Bí wọ́n ṣe fọwọ́ sí i báyìí, ó di tiwa. Ìjọba ló sọ bẹ́ẹ̀, kì í ṣe èmi. Ṣé kí n wá pe ìjọba ní òpùrọ́ ni? Mo láya, mo lọ́mọ, Bàbá.”

“Ọkọ mi, ẹ bẹ̀rù Ọlọ́run.”

“Mo bẹ̀rù Ọlọ́run, ìyàwó wa. Mo tún bẹ̀rù ìjọba. Bí mo bá yọ owó tí wọ́n ti kà kúrò nínú àpótí, olè ni wọn ó pè mí.”

Naomi ń wá ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti wọ́, bó ṣe máa ń wá àṣìṣe nínú iṣẹ́ ọmọ kíláàsì rẹ̀, kò sì tètè rí i. Ohun tó bà á lẹ́rù ni pé ó dún létí bí òótọ́.

Wọ́n pe ẹlẹ́rìí rẹ̀. Àdìó ni, ọlọ́kadà tó gbé e wá lọ́jọ́ náà.

“Àdìó, kí lo gbé lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun?”

“Gàrí ni, Bàbá.”

“Gàrí?”

“Màmá ní gàrí ni. Wọ́n gbé àpò náà lé orí táǹkì, wọ́n ní kí n rọra máa wa ọ̀kadà. Nígbà tá a bọ́ sí kòtò kan, ẹnu àpò ṣí díẹ̀, ni mo bá rí i pé gàrí náà ní àwòrán èèyàn lára.”

Àgbàlá mì tìtì fún ẹ̀rín. Olóyè nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó ní kí wọ́n pe Babárìndé, akọ̀wé ẹgbẹ́ Ìwàrò, tó ti ń dúró níta láti wá jẹ́rìí fún Godwin.

“Babárìndé, níbo ni owó náà ti wá?”

“Inú àpótí wa ló wà, Bàbá. Ó ti wà níbẹ̀ láti oṣù kìíní.”

“O fojú ara rẹ rí i?”

“Kedere.”

“Nígbà tí Àdìó gbé àpò dé, níbo lo wà?”

“Èmi ni mo bá wọn sọ ọ́ kalẹ̀.”

“Kí ló wà nínú rẹ̀?”

“Gàrí ni, Bàbá.”

“Gàrí náà dà?”

Babárìndé wo Godwin. Godwin ń wo òrùlé. “A ti jẹ ẹ́, Bàbá.”

“Odindi àpò, láàrin ọjọ́ méjì?”

“Ebi pa wá gan-an lẹ́yìn tí ọ́dítọ̀ lọ.”

Ìyátúndé, obìnrin kan ṣoṣo tó wà nínú ìgbìmọ̀, ló gbẹ́nu lé e. Òun náà ń dáwó nínú ẹgbẹ́ Ìwàrò.

“Godwin, oṣù méjì rèé tí mo ti ń béèrè owó lọ́wọ́ rẹ láti fi san owó ilé-ìwé ọmọ-ọmọ mi. O ní kí n ní sùúrù. Bí owó bá wà nínú àpótí láti oṣù kìíní, sùúrù kí ni mo ń ní? Bí kò bá sì sí níbẹ̀, owó wa gan-an dà?”

Godwin jókòó. Bébà ọwọ́ rẹ̀ ò fẹ́ atẹ́gùn kankan mọ́.

“Kòkó ni, Màmá.”

“Kòkó báwo?”

“Kòkó gbówó lórí nígbà yẹn. Mo ní kí n fi owó ẹgbẹ́ ra díẹ̀ pamọ́, tó bá tún lé sí i, kí n tà á, kí n dá owó padà. Bí mo ṣe rà á tán báyìí ni iye rẹ̀ já wálẹ̀. Àpò mẹ́ta péré ni. Ó wà ní yàrá mi. Mo ń dúró dè é kó tún gbéra.”

“Bó bá gbéra, ta ló ni èrè?”

“A ò tíì dé ibi èrè, Màmá.”

Ìgbà yẹn ló tó yé Naomi. Ọkùnrin yìí ò fìgbà kan ní in lọ́kàn láti dá owó Ọ̀bà padà. Kò tiẹ̀ rò ó. Ihò tó gbẹ́ sí àpótí Ìwàrò ló fi owó òun dí. Ó dìde lórí ìkúnlẹ̀, bàtà rẹ̀ méjèèjì yọ síta, kò bìkítà.

“Godwin!” Gbogbo ojú yí sí i, torí láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé e níyàwó wọ ilé wọn, kò sẹ́ni tó gbọ́ ọ kó dárúkọ náà rí. “Wákàtí mẹ́ta lo sọ fún mi.”

Godwin ká bébà ọwọ́ rẹ̀ sí méjì.

Olóyè àti ìgbìmọ̀ forí korí. Nígbà tí wọ́n tú ká, Olóyè gba bébà náà, ó kà á lẹ́ẹ̀mejì.

“Ìwé ìjọba ò purọ́,” ló sọ.

Godwin bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín músẹ́.

“Owó wà nínú àpótí Ìwàrò, ó sì pé. Ṣùgbọ́n ìwé ò sọ ẹni tó kó o síbẹ̀. Babárìndé, ẹni tó bá kówó pamọ́ sínú àpótí yín, kí lẹ ń pè é?”

“Ọmọ ẹgbẹ́ ni, Bàbá.”

“Ó dáa. Naomi, láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọmọ ẹgbẹ́ Ìwàrò ni ọ́. Mílíọ̀nù méjì lo fi pamọ́. Bí ọmọ ẹgbẹ́ bá fẹ́ kúrò ńkọ́, Babárìndé?”

Babárìndé ti rí ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ, ó fà á lẹ́nu. “Wọ́n… wọ́n á gba owó wọn, Bàbá.”

“Naomi, ṣé o fẹ́ kúrò?”

“Mo ti kúrò, Bàbá!”

Wọ́n gbé àpótí wá. Naomi ka owó náà lẹ́ẹ̀kan, ó tún un kà, ó sì kà á lẹ́ẹ̀kẹta níṣojú gbogbo wọn. Ó pé. Omi bọ́ lójú rẹ̀.

“Má tíì dúpẹ́,” ni Olóyè wí. “Owó olówó lo gbé sórí ọ̀kadà láìbi ẹnì kankan. Lọ́la, kí ọ́dítọ̀ tó ṣí àpótí Ọ̀bà, ìwọ ni yóò fẹnu ara rẹ sọ ibi tí owó náà rìn dé, níṣojú gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ yín.”

Naomi kó owó náà mọ́ra. “Màá sọ ọ́, Bàbá.” Bó ṣe sọ bẹ́ẹ̀, ó yà á lẹ́nu pé àyà rẹ̀ fúyẹ́.

“Babárìndé, o ní o kópa nínú jíjẹ àpò gàrí kan láàrin ọjọ́ méjì. Màá ra òmíràn lọ́la. Níbí lo ó ti dá jẹ ẹ́. Kò sí ẹ̀pà, kò sí ṣúgà.”

Babárìndé dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ.

“Godwin, òní ni wàá ta kòkó yẹn, iye yòówù tí wọ́n bá ń rà á. Èyí tó bá kù, inú oko káṣú rẹ ni yóò ti jáde. Màá fúnra mi lọ sí Ìkàrẹ́ lọ pe ọ́dítọ̀ kó wá tún owó kà. Títí tí yóò fi pé, ẹnikẹ́ni tó bá kí ọ níta, kí o tó dá a lóhùn, wàá kọ́kọ́ sọ iye tó wà nínú àpótí. Sókè ketekete. Bí o bá fi náírà kan parọ́, wàá san ìlọ́po rẹ̀.”

“Bàbá, ẹni tó bá kí mi ní ṣọ́ọ̀ṣì ńkọ́?”

“Sọ fún òun náà.”

Godwin gbé fìlà rẹ̀, ó jáde. Naomi àti Àdìó tẹ̀lé e dé ẹnu géètì. Àwọn obìnrin mẹ́ta kan ń bọ̀ láti oko, agbọ̀n iṣu lórí, wọn ò mọ nǹkan kan.

“Alága, ẹ kú ọ̀sán o!”

Godwin bojú wẹ̀yìn. Olóyè ti dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wò ó.

“Òdo náírà,” ni Godwin wí. “Ẹ kú ọ̀sán.”

“Ẹ ní kí ni?”

“Mo ní òdo náírà! Ẹ káàbọ̀ láti oko!”

Àwọn obìnrin náà wo ara wọn. Èyí tó dàgbà jù nínú wọn sọ agbọ̀n orí rẹ̀ kalẹ̀ jẹ́jẹ́.

“Alága,” ló sọ, “a kàn kí yín ni o. A ò tíì béèrè owó wa.”