Ọjọ́ Tí Mo Kẹ̀yìn Sí Gbàǹjo Òyìnbó

Bí mo bá gbàgbé gbogbo ọjọ́ ayé mi, ọjọ́ tí mo fọwọ́ ara mi wọ́ ọmọ mi kúrò nídìí gbàǹjo òyìnbó kò lè kúrò lọ́kàn mi. Ọmọ ọmọ mi ló ń bá mi kọ èyí sílẹ̀ torí èmi ò mọ̀wé. Mo sì ti kìlọ̀ fún un pé kó má bo ibi tí mo ti gọ̀ mọ́lẹ̀.

Ní Èrúwà níbí ni mo ti ń fi ẹ̀rọ lọ ẹ̀gẹ́ fún àwọn tó ń ṣe gààrí. Ọkọ mi ló ra ẹ́ńjìnnì náà kó tó kú, aláwọ̀ ewé kan báyìí, èyí tí wọ́n máa ń fi irin yí kó tó jẹ́. Bó bá ti ń dún, àwọn tó ń ti oko bọ̀ á mọ̀ pé Ìyá Ràfíátù ti ṣílẹ̀kùn. Àfi ọdún tí àwọn ológun ń múra àtigbé ìjọba sílẹ̀, tí ikùn ẹ́ńjìnnì yìí là. Wọ́n jó o pọ̀, ó tún là. A wá irú rẹ̀ dé Ìbàdàn, wọ́n ní ilé iṣẹ́ tó ń ṣe é ti kógbá wọlé tipẹ́. Àwọn kéékèèké tí wọ́n ń tà nígbà náà, agbọ̀n ẹ̀gẹ́ méjì péré, wọ́n á ti máa hó bí ìkòkò. Ẹ̀gẹ́ tí a ti bó kì í sì í dúró de ẹnikẹ́ni. Àwọn oníbàárà mi bẹ̀rẹ̀ sí í gbé tiwọn lọ sí Lanlate lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo rí i gbangba pé bí n ò bá rí ẹ́ńjìnnì mìíràn kí òjò tó tún dé, ewúrẹ́ ni yóò máa sùn níbi tí ọkọ mi fi sílẹ̀ fún mi.

Mo ní àbúrò kan ní Lọ́ńdọ̀nù, Sùlè, ọmọ ìyá mi. Mo lo tẹlifóònù tíṣà tó ń gbé ẹ̀gbẹ́ ilé wa, mo ní kó bá mi wá irú ẹ́ńjìnnì náà. Ó ní òun á wò ó. Láti ìgbà náà, mi ò gbúròó ẹ̀ mọ́, mo sì gbà pé ó ti gbàgbé.

Ìgbà tó yá ni Ràfíátù, àkọ́bí mi, wá kí mi. Ọ́fíìsì kan ní Ìbàdàn ló ti ń ṣiṣẹ́, wọ́n sì ní kọ̀ǹpútà tó ń bá ìlú òyìnbó sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Ó ní, "Màmá, mo rí irú ẹ́ńjìnnì Bàbá! Àgbẹ̀ òyìnbó kan ló fẹ́ tà á ní gbàǹjo, lórí kọ̀ǹpútà." Ó ní ọ̀rẹ́ ọkọ òun tó wà lọ́hùn-ún yóò bá wa sanwó, yóò sì bá wa gbé e sínú ọkọ̀ ojú omi. Nígbà tó di ọjọ́ Jímọ̀ tí gbàǹjo náà máa parí, mo wọ bùbá mi tó dára jù, mo fín lọ́fínńdà, mo wọkọ̀ Ìbàdàn. Ẹni tó ń lọ sọ́jà òyìnbó kò gbọdọ̀ rí jákujàku.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ohun tí mo rí lọ́jọ́ náà, mi ò rí irú rẹ̀ rí. Iwájú gíláàsì dúdú kan ni Ràfíátù jókòó sí. Ó tẹ nǹkan, ẹ̀rọ kan ké bí òròmọdìẹ tí àṣá gbé, ó dákẹ́, àwòrán sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀ láti òkè, díẹ̀díẹ̀, bí ìgbà tí èèyàn ń tú ẹní. Ihò èéfín ló kọ́kọ́ yọ. Orí yọ. Nígbà tí àgbá kẹ̀kẹ́ irin tó máa ń yí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ yọ, mo pariwo, "Subuhánálláhì!" Ẹ́ńjìnnì ọkọ mi nìyí, àwọ̀ ewé náà nìyí, ó jókòó lórí koríko ní ìlú tí mi ò dé rí. Mo nawọ́ kan gíláàsì náà, ó ta mí pìn-ín, irun ọwọ́ mi sì dìde.

"Ó mọ̀ mí!" ni mo wí. "Ó yá, kí i."

"Kí n kí ta ni, Màmá?"

"Ọlọ́jà ńkọ́? O ò kí i, o fẹ́ kó ta ọjà fún ẹ?"

Ràfíátù ní kò sí àyè ìkíni níbẹ̀, iye owó nìkan ni wọ́n ń kọ. Ó sọ iye tí àwọn èèyàn ti dá. Mo ní kó dá ìlàjì ẹ̀. Ó tẹ̀ ẹ́, lẹ́tà pupa sì yọ lójú gíláàsì.

"Ó ní kò tó, Màmá. Ohun tá a bá máa dá gbọ́dọ̀ ju ti ẹni tó ṣáájú lọ."

"Ẹni tó ń rà ni yóò máa fi owó kún owó? Irú ọjà wèrè wo nìyẹn? Sọ fún un pé opó ni mí."

"Kọ̀ǹpútà ò mọ opó, Màmá mi!"

Àwọn ará ọ́fíìsì ti rọra yí wa ká. Tipátipá ni mo gbà kó fi kún un. Kí n tó gbé itọ́ mì, ẹnì kan ti fi kún tiwa. Mo bi Ràfíátù pé ta ni, ó ní a ò lè mọ̀ ọ́n, orúkọ tó bá wu kálukú ló ń jẹ́ níbẹ̀. A fi kún un, òun náà fi kún un. Ẹ̀rù bà mí, ó sì yà mí lẹ́nu. Ẹnì kan wà níbì kan láyé, mi ò rí i, òun náà ò rí mi, a sì jọ di ẹ́ńjìnnì kan ṣoṣo mú, èmi lórí, òun nídìí. Mo gbé etí lé gíláàsì náà bóyá mo lè gbọ́ bó ṣe ń mí.

Ẹ gbọ́, tó bá jẹ́ ti ká nájà, mi ò kéré. Lọ́jà Èrúwà, bí ọlọ́jà bá le koko, ṣe lèèyàn máa ń fi ọjà sílẹ̀, á kẹ̀yìn sí i, á máa wọ́ ẹsẹ̀ lọ jẹ́jẹ́. Kó tó dé ìsọ̀ kejì, ọlọ́jà á ti máa ké, "Ìyá, ẹ padà wá, ẹ máa mú un lọ!" Kò já mi kulẹ̀ rí. Mo bá dìde.

"Ràfíátù, ká máa lọ."

"Síbo? Màmá, ó kù díẹ̀ kó parí, ẹni yẹn sì ti fi owó lé tiwa!"

"Ìdí ẹ̀ nìyẹn. Dìde kó rí i pé a ń lọ."

"Kò rí wa!"

"Á mọ̀ ọ́n lára."

Ràfíátù di tábìlì mú, mo já ọwọ́ ẹ̀ gbà, mo wọ́ ọ jáde lọ sábẹ́ igi furúùtù tó wà níta. Mo wá ń rìn jẹ́jẹ́, mò ń wọ́ bàtà, mo dẹtí sílẹ̀. Ọlọ́dẹ ẹnu ọ̀nà ní, "Màmá, ṣé nǹkan yín sọnù ni?"

"Rárá o. Òyìnbó kan ni mò ń dúró dè, ó máa tó pè mí padà."

Ó wò mí, ó wo Ràfíátù. Ràfíátù ti fọwọ́ méjèèjì bojú.

Nígbà tí a máa fi padà wọlé, gbàǹjo ti parí, ẹni yẹn ti gba ẹ́ńjìnnì. Mo ní kí Ràfíátù sọ fún ọlọ́jà pé mo ti gbà, kó mú owó tó fẹ́. Ọ̀kan nínú àwọn ará ọ́fíìsì fi ìwé bo ẹnu, èjìká ẹ̀ ń mì. Omijé bọ́ lójú mi. Mo ti ń wo ibi iṣẹ́ mi bí ewúrẹ́ ṣe kún ibẹ̀.

Nínú ọkọ̀ tó ń gbé mi padà sí Èrúwà, áfáà kan tó jókòó tì mí bi mí léèrè pé ta ló kú. Mo ní ẹ́ńjìnnì ni. Mo rò ó fún wọn látòkèdélẹ̀, gbogbo ọkọ̀ káàánú mi, àánú yẹn ló sì kó sí mi lórí. Mo gbọ́wọ́ sókè. "Ẹni tó gba ohun àtijẹ opó, ẹ́ńjìnnì kankan kò ní jẹ́ fún un! Yóò yí i, yóò yí i, ẹ́ńjìnnì yóò máa wò ó bí òkú ẹran!" Gbogbo ọkọ̀ dáhùn, "Àmín!" Ti áfáà gùn, àmọ́ ti dẹ́rẹ́bà ló ròkè jù.

Ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn náà, ìyàwó tíṣà ké sí mi láti ojú fèrèsé wọn pé wọ́n ń pè mí láti Lọ́ńdọ̀nù. Sùlè ni.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ bá mi yọ̀! Mo ti rí ẹ́ńjìnnì yín! Orí kọ̀ǹpútà ni mo ti rà á, ní gbàǹjo."

"Sùlè, ọjọ́ wo?"

"Jímọ̀ tó kọjá. Ọ̀dájú kan ló fẹ́ pa mí níbẹ̀ o! Bí mo bá ti fi kún un ló ń fi kún un, bí ẹni tí orí ẹ̀ ò pé. Nígbà tó yá ló ṣàdédé sá lọ. Ẹ̀gbọ́n? Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣì wà níbẹ̀?"

Ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ni mo wà, ní pálọ̀ tíṣà. Ohun tí mo rí sọ ni pé, "Ọlọ́run á san án fún ẹ, Sùlè. Rọra máa wọ ọkọ̀ lọ́hùn-ún o."

Ọmọ ìyá mi ni mo ṣépè fún, tèmi ti odindi ọkọ̀! Mo sáré lọ sí gáréèjì láti wá áfáà yẹn. Dẹ́rẹ́bà ní òun ò mọ ibi tó sọ̀ sí. Mo bá yọjú sínú ọkọ̀ tó ti kún, tó fẹ́ máa lọ sí Ìbàdàn, mo ní, "Ẹ̀yin èrò, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi ṣe àmín pé ẹ́ńjìnnì á jẹ́ fún àbúrò mi." Obìnrin kan ní, "Ìyá, oògùn wo lẹ ń tà? Ẹ kọ́kọ́ sọ ohun tó ń wò ká gbọ́." Àmín tí mo rí gbà níbẹ̀ kò lágbára, ẹ̀rín ló pọ̀ nínú ẹ̀.

Oṣù mélòó kan lẹ́yìn náà ni ẹ́ńjìnnì gúnlẹ̀. Ràfíátù wá, àwọn oníbàárà mi gbé agbọ̀n ẹ̀gẹ́ wọn dé, wọ́n ń kọrin. Mẹkáníìkì yí i. Kò jẹ́. Ó bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì, ó tún yí i. Ẹ́ńjìnnì ń wò ó bí òkú ẹran, bí mo ṣe wí gẹ́lẹ́. Àwọn kan ti ń gbé agbọ̀n wọn padà sórí. Ara mi kò gbà á mọ́. Mo kúnlẹ̀ níwájú ẹ́ńjìnnì, mo ní, "Mo gba ẹnu mi padà! Mi ò mọ̀ pé Sùlè ni!"

Ràfíátù ní kí ni mo wí. Mo rò ó, mi ò fi ọ̀kan pa mọ́. Ẹ̀rín tí wọ́n rín lọ́jọ́ náà, ẹni tó gbé agbọ̀n sórí sọ ọ́ sílẹ̀ láìmọ̀. Mẹkáníìkì nìkan ni kò rẹ́rìn-ín, ó ti tẹ̀ sábẹ́ ẹ́ńjìnnì. Ó ní, "Màmá, ibi tí epo ń gbà wọlé ni wọ́n tì pa nítorí ìrìn àjò. Ẹ dìde." Ó ṣí i, ó yí i. Ẹ́ńjìnnì wúkọ́, ó tu èéfín, ó sì bú sígbe. Mo fọwọ́ lé e lára, gbogbo ara mi ń gbọ̀n pẹ̀lú ẹ̀. Láti ìlú òyìnbó, láti inú gíláàsì, ó ń lọ ẹ̀gẹ́ l'Érúwà!

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń kà mí, ọjà tí ojú ti ń rí ojú lèèyàn ń kẹ̀yìn sí. Bó bá jẹ́ ti inú gíláàsì, ẹ jókòó tì í títí yóò fi parí. Ẹ má sì ṣépè fún ẹni tẹ́ ò mọ̀, ó lè jẹ́ ọmú kan náà lẹ jọ mu.

Èmi fúnra mi ni mo pe Sùlè láti jẹ́wọ́ fún un. Mo rò pé á rẹ́rìn-ín.

"Ẹ̀gbọ́n," ó ní, "ìdí ẹ̀ nìyẹn tí mọ́tò mi fi kọ̀ tí kò jẹ́ ní gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn."

Mo rẹ́rìn-ín títí ìyàwó tíṣà fi bu omi fún mi. Àmọ́ láti ọjọ́ náà, bí ẹnikẹ́ni bá ń ṣépè nínú ọkọ̀, mi ò ṣe àmín mọ́ o.