Ọjọ́ Tí Mo Bá Okùn Sáré

Mo ti gbàgbé púpọ̀ nínú ohun tí wọ́n kọ́ mi nílé ìwé. Orúkọ àwọn odò ilẹ̀ Gánà ti fò lọ, ìṣirò ti tẹ̀ lé e. Ṣùgbọ́n ọjọ́ kan wà tó kọ̀ tí kò kúrò lọ́kàn mi títí di òní. Ọjọ́ náà ni mo sáré fún ìgbà àkọ́kọ́ láàárín ọdún mẹ́rin, tí mo sì sọ odidi ilé ìwé di eléré ìje láìsí ẹni tó rán mi níṣẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n ti ìbẹ̀rẹ̀ bọ̀. Nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́wàá, òòyì kọ́ mi níbi tá a ti ń ṣe eré ìdárayá, èyí tí gbogbo wa ń pè ní P.E., mo sì ṣubú lulẹ̀ gbì. Màámi gbé mi lọ sí ọsibítù. Dókítà gbọ́ àyà mi títí, ó yà á ní fọ́tò, ó ní ihò kékeré kan wà nínú ọkàn mi. Ó kọ ìwé olójú ewé méjì, ó fi pínnì so wọ́n pọ̀, ó ní ká gbé e fún tíṣà: mi ò gbọdọ̀ sáré, mi ò gbọdọ̀ fò, mi ò gbọdọ̀ bá wọn gbá bọ́ọ̀lù.

Abọ́ àti ìkòkò ni Màámi ń tà ní ọjà Race Course. Kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, ṣùgbọ́n ó mọ iyì ìwé ju ẹni tó kà á lọ. Ìwé ìbí wa, ìwé ìgbéyàwó rẹ̀, gbogbo rẹ̀ ló ti gbé lọ sọ́dọ̀ ọkùnrin kan tó ń fi ọ̀rá líle bo ìwé nítòsí ibi tó ń pàtẹ sí. Bó ṣe kó ewé méjèèjì ìwé dókítà fún un nìyẹn, ọkùnrin náà sì lẹ ọ̀rá mọ́ wọn níwá lẹ́yìn, pa pọ̀. Láti ọjọ́ náà, omi ò lè wọ ìwé mi, ikán ò lè jẹ ẹ́, ẹnikẹ́ni ò sì lè ṣí i sí ojú ewé kejì. Tíṣà tó bá gbà á á ka ojú ewé kìíní dé "kò gbọdọ̀", á wò mí bíi pé ẹyin ni mí, á ní kí n lọ jókòó.

Abẹ́ igi máńgòrò létí pápá ni mo máa ń jókòó sí, tí màá máa ṣọ́ àpò àti bàtà àwọn ẹgbẹ́ mi. Wọ́n sọ mí ní Akoma, èyí tó túmọ̀ sí ọkàn lédè Twi, orúkọ náà sì mọ́ mi lára débi pé àwọn tíṣà pàápàá gbàgbé orúkọ tí bàbá mi sọ mí. Ní gbogbo Ọjọ́rú, tí í ṣe ọjọ́ P.E. wa, bí tíṣà bá ti fọn fèrè, orúnkún mi á máa fò níbi tí mo jókòó sí. Èmi náà ń sáré nígbà yẹn o, ìdí mi ni kò kúrò nílẹ̀.

Sàkínà, ọ̀rẹ́ mi tá a jọ ń gbé ládùúgbò kan náà ní Dichemso, ló máa ń ṣáájú gbogbo wọn. Wọ́n á sáré dé ìpẹ̀kun pápá, níbi tí ojú mi ò tó dáadáa, wọ́n á dúró níbẹ̀ díẹ̀, wọ́n á wá máa rẹ́rìn-ín bọ̀, òógùn á bò wọ́n. Mo bi í lọ́jọ́ kan.

"Kí lẹ ń sọ lọ́hùn-ún tẹ́ ẹ fi ń rẹ́rìn-ín?"

"Kò sí nǹkan kan o," ló wí. "Ó kàn ń dùn ni, wàláì."

Ìdáhùn yẹn kò jẹ́ kí n sùn dáadáa. Bó bá jẹ́ ìtàn ni wọ́n ń sọ, ṣebí ó lè tún un sọ fún mi. Ohun tí kò ṣeé sọ yẹn ni mo ń fẹ́. Mo fẹ́ sáré lẹ́gbẹ̀ẹ́ Sàkínà dé ìpẹ̀kun pápá náà, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, ká tó jáde ní JHS, ìyẹn ilé ìwé girama kékeré, kí kálukú tó gba ibi tirẹ̀ lọ.

Ní ọdún tá a máa jáde, bí ọjọ́ eré ìje ilé ìwé ṣe ń sún mọ́lé, mo lọ bá tíṣà eré ìdárayá wa. Sà Mensah ni wọ́n ń pè é, ọkùnrin tí ikùn rẹ̀ máa ń ṣáájú rẹ̀ dé ibi gbogbo. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó fún mi níṣẹ́ kan, iṣẹ́ yòówù, kó ṣáà ti jẹ́ lórí pápá.

Ó gbà. "Akoma, di etí okùn mú níbi tí eré parí sí. Bí àyà ẹni tó ṣíwájú bá ti kàn án, kó o jọ̀wọ́ rẹ̀. Iṣẹ́ jẹ́jẹ́ ni."

Iṣẹ́ jẹ́jẹ́ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù ń bà mí kí okùn má baà bọ́ lọ́wọ́ mi lójú àwọn òbí, ni mo bá we é mọ́ ọrùn ọwọ́ mi nígbà mẹ́ta. Ọmọkùnrin kan di etí kejì mú. Fèrè dún. Mo rí Sàkínà tó ń bọ̀, ó já gbogbo wọn jù sílẹ̀, ó na àyà, ó kan okùn. Ọmọkùnrin yẹn jọ̀wọ́ tirẹ̀. Tèmi ò tú. Okùn lọ́ mọ́ Sàkínà ní ìbàdí, ó fà mí, èmi náà sì gbéra.

Mi ò ní parọ́ fún yín. Okùn ló fà mí ní ìṣísẹ̀ méjì àkọ́kọ́. Ìyókù, èmi ni.

"Akoma, kí lò ń ṣe?" Sàkínà pariwo, ojú rẹ̀ ràn kankan.

"Mò ń sáré!"

Sà Mensah bẹ̀rẹ̀ sí fọn fèrè bí ẹni pé ilé ń jó. "Gyae! Akoma, gyina hɔ!" Ó ń sọ fún mi pé kí n dúró, ó sì gbá tọ̀ wá. Ọ̀gá ilé ìwé bọ́ bàtà gogoro rẹ̀, òun náà tẹ̀ lé e. Sàkínà dúró, okùn tú kúrò lára rẹ̀, ṣùgbọ́n èmi ti kọjá. Ibi tí mo ti bojú wẹ̀yìn wò wọ́n ni mo ti kọ lu tábìlì obìnrin kan tó ń ta sóbòlò, ohun mímu pupa tí wọ́n ń fi ìṣápá ṣe, létí pápá. Odidi ike sóbòlò dà sí mi láyà, lórí ẹ̀wù funfun.

Ẹ ronú wò ó. Ọmọ tí gbogbo ilé ìwé mọ̀ sí aláìsàn ọkàn ṣubú, ó dìde, àyà rẹ̀ sì pupa rẹ́rẹ́.

"Awurade! Olúwa o!" ni Ọ̀gá ké. "Ọkàn ọmọ náà ti bẹ́!"

Sà Mensah, tó ti mí dé ibi tí èémí ẹ̀ parí sí, rí pupa náà, ó di àyà tirẹ̀ mú, ó sì rọra jókòó sílẹ̀. Kò dìde mọ́. Táásì kan náà ni wọ́n kó àwa méjèèjì sí. Orí rẹ̀ wà lórí itan mi, èmi ni mo ń fẹ́ ẹ títí a fi dé kíníkì. Nọ́ọ̀sì sáré jáde. "Èwo ni aláìsàn ọkàn nínú yín?" Kó tó di pé mo dáhùn, wọ́n ti gbé Sà Mensah wọlé.

Nígbà tó kàn mí, nọ́ọ̀sì gbọ́ àyà mi níwájú, ó gbọ́ ọ lẹ́yìn, ó ní òun ò gbọ́ ohun tó burú. Ẹnu ìyẹn la wà tí Màámi, tí wọ́n ti ránṣẹ́ sí lọ́jà, já wọlé, sálúbàtà kan ṣoṣo lẹ́sẹ̀, ìwé dókítà tí kì í kúrò nínú àpò rẹ̀ lọ́wọ́. Ó rí àyà mi.

"Súbùhánáláhì!"

"Sóbòlò ni, Màámi. Sóbòlò ni."

Nọ́ọ̀sì gba ìwé náà, ó gbé e sókè sí iná, ó rí i pé ewé méjì ni. Ó mú sísọ́ọ̀sì.

"Ẹ má gé e o!" Màámi ké, bíi pé èmi ni wọ́n fẹ́ gé. "Ìwé ọmọ mi ni!"

Ó gé e. Ojú ewé kejì sọ pé oṣù mẹ́ta péré ni kí n fi yẹra fún eré, kí wọ́n sì dá mi padà wá fún àyẹ̀wò, torí irú ihò kékeré bẹ́ẹ̀ sábà máa ń dí fúnra rẹ̀.

Oṣù mẹ́ta! Mo ti lo ọdún mẹ́rin lábẹ́ igi. Mo rò pé Màámi á bú ọkùnrin ọlọ́ràá yẹn. Kò bú u. Ó jókòó tì mí.

"Wọ́n sọ fún mi," ló wí, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. "Lọ́jọ́ yẹn gan-an, wọ́n fi Twi sọ ọ́ fún mi pé ká padà wá."

"Kí ló wá dé tí ẹ ò mú mi padà?"

"Ẹ̀rù bà mí. Bí mo bá dé ibẹ̀, tí wọ́n ní ihò náà ti tóbi sí i ńkọ́? Bí o bá jókòó, mo mọ̀ pé o ṣì wà."

Inú bí mi. Mo fẹ́ sunkún, mo fẹ́ pariwo, mo fẹ́ béèrè gbogbo Ọjọ́rú mi lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n mo wo ẹsẹ̀ rẹ̀ kan tó rìn láìsí bàtà láti Race Course wá, mo sì fi etí ẹ̀wù mi nu eruku rẹ̀.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, dókítà ní ihò ti dí pátápátá, kí n lọ máa sáré bó ṣe wù mí. Mo gbé aṣọ P.E. wọ̀ ní Ọjọ́rú, mo dé pápá kí gbogbo ayé tó dé. Sà Mensah ni mo bá lábẹ́ igi máńgòrò, òun náà ti gba ìwé dókítà tirẹ̀.

"Akoma, ṣé o ò gbọ́ ni? Ìdánwò àṣejáde ti dé tán. Kò sí P.E. fún yín mọ́."

Bó ṣe parí nìyẹn. Mi ò bá Sàkínà sáré mọ́ láé. Lẹ́yìn ìdánwò, àwọn òbí rẹ̀ kó lọ sí ìlú Tamale, lọ́nà jíjìn ní àríwá Gánà.

Bóyá Màámi rí ojú mi, mi ò mọ̀. Ní Sátidé, ó pa ọjà tì, ó mú mi lọ sí pápá tó ṣófo náà, ó ní kí n sáré kí òun rí mi. Mo gbéra. Mi ò tíì lọ jìnnà tí mo gbọ́ gìdìgìdì lẹ́yìn mi. Ó ti ká ìró rẹ̀ dé orúnkún.

"Mi ò lè dá dúró kí n máa wò ọ́," ló wí. "Màá tẹ̀ lé ọ."

Ó tẹ̀ lé mi lóòótọ́, ó bá mi, ó sì kọjá mi. Obìnrin tó ti ń fi ogún ọdún lé tróòtròò, ọkọ̀ akérò wa, láràárọ̀, kí ni ọmọ tó ń jókòó fẹ́ fi ṣe é? Mo ṣubú sórí koríko, mi ò lè mí. Ó sáré padà wá, ojú rẹ̀ ti yí padà.

"Ṣé ọkàn ni?"

"Rárá o, Màámi. Ẹ̀rín ni."

Òun náà bú sẹ́rìn-ín. A jókòó sí ìpẹ̀kun pápá níbẹ̀, òógùn bò wá, a ń rẹ́rìn-ín ohun tí kò ṣeé sọ fún ẹnikẹ́ni.

Àdúgbò Santasi ni mò ń gbé báyìí, mo sì máa ń sáré ní ìdájí. Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ kò ju pé ohun tó bá ń bà yín lẹ́rù, ẹ tètè padà lọ bi í léèrè, kó má baà gba ọdún tí kì í ṣe tirẹ̀. Mo ṣì máa ń wo ẹ̀gbẹ́ mi bí ẹni pé Sàkínà á yọ níbẹ̀. Eré ìje kan ṣoṣo ni mo sá lórí pápá yẹn tó ní ìbẹ̀rẹ̀ tó sì ní ìparí. Èmi àti Màámi péré la sá a, èmi ni mo ṣe ìkẹyìn.