Kẹ̀kẹ́ Tó Na Tìrìmísíyù

Ìdọ̀bálẹ̀ nìkan ló kù kí wọ́n fún Tìrìmísíyù níyàwó, ni ẹ̀yìn ẹ̀ bá há!

Ẹ̀yìn ẹ̀ ò ṣe ní í há? Ọkùnrin tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe ní Lásúnwọ̀n n'Ìkòròdú, tó ń tẹ̀ba lórí táyà láti àárọ̀ títí dalẹ́. Ọjọ́ Sátidé ló sì fẹ́ lọ síwájú Àáfà Ṣàmsúdéènì ní Ẹ̀pẹ́, bàbá Fàlílátù àfẹ́sọ́nà ẹ̀. Bàbá yìí ò gba ìdọ̀bálẹ̀ gbàrọgùdù. Adélàjà tó kọ́kọ́ wá tọrọ ọmọ náà fi ìka kanlẹ̀ bí ẹni tó ń wá bọ́tìnnì, bàbá ní kó máa lọ sílé bàbá ẹ̀.

"Ẹni tí àyà ẹ̀ ò bá kan ẹní mi, kò ní í fẹ́ ọmọ mi!"

Tìrìmísíyù gba ilé ìwòsàn lọ. Nọ́ọ̀sì Leah ní kó dùbúlẹ̀ sórí ẹní, kó rọra fa orúnkún mọ́ àyà, kó tún sọ̀ ọ́ kalẹ̀.

"Tó bá ti ń dùn yín, ẹ dáwọ́ dúró o. Díẹ̀díẹ̀ ni."

Díẹ̀díẹ̀ kẹ̀? Ọ̀gá ń kánjú. Ó ní òun kì í ṣe ọmọ ọwọ́ tí yóò máa tasẹ̀ lórí ẹní, ló bá kọjá sọ́dọ̀ Bísíríyù ọ̀rẹ́ ẹ̀.

Bísíríyù yìí, ó lọ sógun Bọ́mà. Ó se ẹ̀wà fún ṣọ́jà níbẹ̀. Ìgbà tó fi máa dé, ó ti di dókítà. Ẹ̀rín ń pa mí!

"Okùn làwọn òyìnbó fi ń na ẹ̀yìn, ojú mi ló ṣe," ni Bísíríyù wí. "Gbé kẹ̀kẹ́ kan wá."

"Kẹ̀kẹ́ báwo?"

"Ẹ̀yìn ta ló ń dùn, tèmi àbí tìẹ?"

Dókítà gbé kẹ̀kẹ́ sórí sítáǹdì. Ó so okùn mọ́ ẹsẹ̀ aláìsàn méjèèjì, ó so ìdí okùn mọ́ táyà ẹ̀yìn, ó ní kí Tìrìmísíyù dojú bolẹ̀ kó di òpó mú. Ó wá gun kẹ̀kẹ́, ó ń wà á kí okùn lè máa wé.

Kírí-kírí-kírí.

"Ó ń nà?"

"Ó ń nà! Rọra!"

Kírí-kírí-kírí-kírí!

"Ó ti tó, Bísíríyù! Ó ti tó!"

"Ṣọ́jà kì í sọ pé ó tó!"

Ni sítáǹdì bá yẹ̀.

GBÌÌ! Táyà kanlẹ̀, kẹ̀kẹ́ ta mọ́ ọ̀nà, òpó bọ́ lọ́wọ́ Tìrìmísíyù. Wọ́n la àárín ewúrẹ́ kọjá, wọ́n fọ́n ẹ̀kọ Ìyá Kúbúrá ká gbogbo àdúgbò.

"Bísíríyù! Kí ló jí tó o fi ń wọ́ ọ nílẹ̀?" ni Ìyá Kúbúrá pariwo.

"Kò jí nǹkan kan, mà! Ìtọ́jú ni!"

Ẹ ní bírékì ńkọ́? Torí bírékì tó bàjẹ́ ni wọ́n ṣe gbé kẹ̀kẹ́ ọ̀hún wá fún Tìrìmísíyù. Yéè, ẹ gbà mí, ẹ̀rín fẹ́ pa mí!

Ẹ̀yìn nà o, kí n má purọ́. Ó nà débi pé kò ṣeé ká mọ́. Ní Sátidé, bí ẹni gbé pákó ni wọ́n ṣe gbé e wọ ọkọ̀ ojú omi, Bísíríyù sì tẹ̀ lé e gẹ́gẹ́ bí alárenà. Wọ́n dé iwájú bàbá. Tìrìmísíyù ò dọ̀bálẹ̀, ńṣe ló ṣubú síwájú.

GBÀÀ! Àyà kan ẹní. Imú náà ò gbẹ́yìn.

"Dìde, ọmọ mi," ni bàbá wí.

Ó fẹ́ dìde, ẹ̀yìn ò gbà.

"Ẹ jẹ́ n ṣì wà ńlẹ̀, bàbá."

"Mo ní kó o dìde."

"Mi ò tí ì kí yín tán, sà."

Omi lé ròrò sójú bàbá. "Ẹ wá wo ọmọ àbíire! Mo ti fún un ní Fàlílátù! Ó yá, dìde, àna mi."

Àna ò mira. Ẹ̀kọ́ ilé ti pọ̀ lára ẹ̀ jù.

Ni bàbá bá bẹ̀rẹ̀, ó fẹ́ fọwọ́ ara ẹ̀ gbé e dìde.

KẸ̀Ẹ́!

"Yéè! Ẹ̀yìn mi o!" ni bàbá ké.

Àna méjèèjì wá ń wo ara wọn lójú lórí ẹní kan náà. Bísíríyù nìkan ló dìde, ó ká apá agbádá ẹ̀ sókè, ó wo ọ̀dẹ̀dẹ̀ yíká.

"Ẹ fọkàn balẹ̀," ló wí. "Ta ló ní kẹ̀kẹ́ nínú ilé yìí?"