Ife Eegun Tísà Ọlátúbọ̀sún

Ọdún tó tẹ̀lé Fẹ́sítáàkì ni. Ìyá Folúkẹ́ wọkọ̀ láti Ìjan wá sí Òkè-Ìlá l'Adó, ó wá wo Tísà Ọlátúbọ̀sún tó fẹ́ fẹ́ ọmọ rẹ̀. Bí màmá yìí bá kọ̀, ọ̀rọ̀ ìyàwó parí nìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹni tó máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Ó ṣí kọ́bọ́ọ̀dù onígíláàsì, ó gbé ọ̀kan nínú àwọn ife tíì ibẹ̀ jáde bí ẹni gbé ọmọ tuntun.

“Màmá, ẹ gbé e sókè wò. Ṣé ẹ rí i bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ń gba ara rẹ̀ kọjá?”

“Mo rí i. Ṣé ó ti ń jò ni?”

“Kò jò, mà. Ó fẹ́lẹ́ ni. Ìdílé tó ń mọ ọ́n nílùú òyìnbó ti ń ṣe é kí wọ́n tó bí bàbá bàbá mi. Àwọn ará Ṣáínà ló kọ́kọ́ mọ irú rẹ̀, wọn ò sì sọ àṣírí rẹ̀ fẹ́nì kan. Àwọn òyìnbó mọ tiwọn títí, bó bá ti wọ iná, á wọ́. Ìgbà tó yá ni wọ́n da eegun màlúù pọ̀ mọ́ amọ̀.”

Ìyá Folúkẹ́ rọra gbé ife náà sórí tábìlì.

“Eegun?”

“Eegun tí wọ́n jó di eérú, mà. Òun ló jẹ́ kó funfun báyìí.”

“Ta ló jẹ ẹran ara rẹ̀?”

Tísà kò ka ìyẹn nínú ìwé kankan. “Wọn ò kọ ọ́ sílẹ̀, mà.”

“Èyí tó ṣe pàtàkì gan-an ni wọn ò kọ. Wòlíì wa ní n ò gbọdọ̀ fẹnu kan ẹran títí di ọjọ́ Ìsinmi. Ṣé o fẹ́ bà mí láàwẹ̀ jẹ́ ni?”

“Ó ti di eérú, mà! Kì í ṣe ẹran mọ́.”

“Bí iná bá jó ewúrẹ́ rẹ di eérú lọ́wọ́ mi, ṣé o ò ní ní kí n san ewúrẹ́?”

Tísà ronú sí i. Yóò ní kí ó san án.

“Ìkòkò amọ̀ tèmi tí wọ́n mọ n'Ísàn ń kaná. Èyí ńkọ́?”

“Kò gbọdọ̀ kaná, mà.”

“Ṣé ó ń gba uyán?”

“Tíì nìkan ni, mà.”

“Ta ló ti fi mu tíì nínú ulé yìí?”

“Kò tíì sí, mà. Ẹ̀yin ni ẹni àkọ́kọ́.” Tísà rò pé àpọ́nlé nìyẹn.

Màmá dìde, ó ń tún gèlè rẹ̀ wé. “Ọmọ mi tí o fẹ́ fẹ́, ṣé inú kọ́bọ́ọ̀dù yìí náà ni wàá tì í mọ́?”

 Tísà fẹ́ràn Folúkẹ́ dénú, ó sì rí i pé ọmọbìnrin náà ti fẹ́ bọ́ mọ́ òun lọ́wọ́.

“Ẹ má bínú, mà. Ìtọ́jú ni mò ń tọ́jú wọn. Gbogbo Sátidé ni mò ń kó wọn sílẹ̀, màá fọ̀ wọ́n, màá nù wọ́n. N kì í jẹ́ kí ẹlòmíì fọwọ́ kàn wọ́n.”

Ọwọ́ Màmá dúró lórí gèlè.

“Ìwọ fúnra rẹ?”

“Èmi fúnra mi, mà.”

“Pẹ̀lú ọṣẹ?”

“Pẹ̀lú ọṣẹ àti omi gbígbóná.”

Màmá tún jókòó.

“Ní kí àwọn èèyàn rẹ máa bọ̀ n'Ìjan. Ọkùnrin tó ń fọ abọ́ tẹ́nikẹ́ni ò fi jẹun, ṣé yóò wá kọ èyí tí ọmọ mi bá fi jẹun?”