Àna Lórí Ẹ̀rọ, Ọ̀dà Lábẹ́ Táyà

Ẹni tó bá sọ pé oòrùn mú lọ́jọ́ náà, ó bu oòrùn kù. Láti àárọ̀ ni ọ̀dà ojú ọ̀nà ìdíje ti ń yọ́, tó ń bó bí èèpo àlùbọ́sà, ọkọ̀ mẹ́rìndínlógún tó bẹ̀rẹ̀ eré sì ti ku méjì: ọkọ̀ aláwọ̀ ewé tí ọ̀dọ́kùnrin kan tó ń jẹ́ Ìjì ń wà, tó wà níwájú, àti ọkọ̀ pupa kan tó ń lé e bọ̀.

Ọdún keje rèé tí Ìjì ti ń fi ọkọ̀ sáré jẹun, kò gba ipò kìíní rí. Ṣùgbọ́n ife ẹ̀yẹ nìkan kọ́ ló ń lé lọ́jọ́ yìí. Bàbá ọmọbìnrin tó fẹ́ fẹ́ wá wo iṣẹ́ rẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́, ó sì ti là á mọ́lẹ̀ pé, "Bí mo bá ti rí bó o ṣe ń wakọ̀, màá fún ọ lésì." Awakọ̀ lọ́rì ni bàbá yìí fún ogójì ọdún kó tó fẹ̀yìn tì. Ìjì ti sọ fún un pé awakọ̀ lòun náà. Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ó ku ìyípo mẹ́fà. Ìjì wà lórí kọ́nà kẹta nígbà tí ohùn àgbà kan bú sí i létí lórí ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀.

"Ṣé ìwọ ni mò ń bá sọ̀rọ̀?"

Díẹ̀ ló kù kí Ìjì wa ọkọ̀ wọnú koríko. "Bàbá? Ẹ̀yin lẹ wà níbẹ̀ yẹn? Mẹkáníìkì mi dà?"

"O ò kí mi."

"Ẹ má bínú, sà. Ẹ káàsán, sà."

"Ẹ káàsán lásán? Nínú oòrùn yìí?"

"Ẹ kú oòrùn, sà. Ẹ kú ìjókòó. Ẹ kú... Bàbá, orí kọ́nà ni mo wà!"

"Kọ́nà kì í di èèyàn lẹ́nu. Mẹkáníìkì rẹ dákú. Ọmọ mi ti gbé e lọ sí yàrá àwọn nọ́ọ̀sì, ó ń bomi sí i lórí. Òun ló gbé nǹkan yìí lé mi lọ́wọ́, ó ní kí n máa tọ́ ọ sọ́nà."

"Ẹ ṣé, sà."

"Mo kọ́kọ́ ní ìbéèrè. Ẹrù kí lo kó?"

"Mi ò kó ẹrù, sà."

"Èrò ńkọ́?"

"Èmi nìkan ni, sà."

"Ọkọ̀ òfìfo!" Bàbá mí kanlẹ̀. "Ìgbà mélòó lo ti kọjá níwájú mi láti àárọ̀?"

"Mẹ́rìnléláàádọ́ta, sà."

"Ṣé o gbàgbé nǹkan ni?"

"Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn, Bàbá. Ẹni tó bá kọ́kọ́ yí i po lẹ́ẹ̀mẹ́wàá lọ́nà mẹ́fà ló borí."

"Tẹ́ ẹ bá wá yí i po tán, níbo lẹ máa dé?"

"Ibi tá a ti bẹ̀rẹ̀, sà."



"Ogójì ọdún ni mo fi wa lọ́rì," ni Bàbá wí. "Tí ọ̀gá mi bá bá mi nírọ̀lẹ́ níbi tó fi mí sí láàárọ̀, kọ́kọ́rọ́ ló máa gbà lọ́wọ́ mi."

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo iwájú. Ṣé wọ́n ti dí kòtò tó wà níbi ìlà ìparí?"

"Kòtò wo nínú wọn?"

"Ọ̀kan ṣoṣo ni mo fi síbẹ̀, sà."

"Ó ti bímọ." Bàbá na ọrùn wò ó. "Ìbejì ni. Wọ́n da iyanrìn sí i, ó gbé iyanrìn mì. Ọkùnrin kan tún ń da omi sí i báyìí. Omi náà ń hó."

Ìjì já ọwọ́ ọkọ̀ sí òsì, ó já a sí ọ̀tún, ó kọjá láàárín ìyá àti àwọn ọmọ. Òógùn bọ́ sí i lójú. Ó fa omi mu nínú ìgò tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó sì tu ú dànù.

"Kí ló dé?" ni Bàbá bi í.

"Omi mi ti gbóná, sà. Èèyàn lè fi wẹ ọmọ."

"Ọmọ ta? Mi ò tíì fún ọ lésì o."

"Mo mọ̀, sà! Ọ̀rọ̀ omi ni mò ń sọ!"

"Má pariwo mọ́ mi. Eré kí tiẹ̀ ni gbogbo eré yìí? Èèyàn kì í sáré nínú ẹ̀gún lásán. Bí o ò bá lé ejò, ejò ló ń lé ọ. Ta ló ń lé ọ?"

"Ọkọ̀ pupa, sà."

Bàbá wẹ̀yìn. Lóòótọ́, ọkọ̀ pupa náà ti sún mọ́ ìdí Ìjì, ó ń yọ imú sí òsì, ó ń yọ ọ́ sí ọ̀tún.

"Ẹni yẹn ń kánjú," ni Bàbá wí. "Yà fún un."

"Hẹ̀n?"

"Mo ní kó o yà fún un. O ò mọ ohun tó ń lé e. Ó lè jẹ́ aláìsàn ló gbé."

"Kò gbé aláìsàn, Bàbá! Ipò kìíní ló fẹ́ gbà!"

"Ìwọ ńkọ́, kí lo fẹ́ gbà?"

"Ipò kìíní, sà." Ìjì mí. "Àti ọmọ yín."

"Èwo lo kọ́kọ́ sọ nínú méjèèjì?"

Ìjì wá ọgbọ́n ta sí i: ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ahọ́n hùn bí ẹ̀rọ tó ń já. "Kríí... Bàbá... kríí... ohùn yín ò... kríí..."

"Mò ń rí ẹnu rẹ látibí," ni Bàbá wí. "Nígbà mìíràn tó o bá fẹ́ parọ́ nínú hẹ́líméètì, kọ́kọ́ ti fèrèsé rẹ̀."

Ojú ti Ìjì débi pé ó ṣe é bí ẹni pé kó rì sábẹ́ ìjókòó. Ṣùgbọ́n kò yà fún ẹnikẹ́ni. Ìyípo kan kọjá, òmíràn tẹ̀ lé e. Nígbà tó ku ìyípo méjì, ọkọ̀ pupa náà kò lè mú sùúrù mọ́. Ó yọ sí ẹ̀gbẹ́ ní kọ́nà kẹta, níbi tí ẹnì kankan kò tẹ̀ láti àárọ̀, ọ̀dà ibẹ̀ sì ti di ẹrẹ̀. Ó rì dé agbede méjì táyà.

Ìjì kígbe bí ọmọdé. "Bàbá! Bàbá! Ó ti rì! Ọkọ̀ pupa ti rì!"

"Ṣé ara ẹni náà le?"

"Ara rẹ̀ le, sà, ó ń fi ẹ̀ṣẹ́ lu ọkọ̀! Bàbá, èmi nìkan ló kù! Ìyípo méjì péré! Kódà kí n máa ti ọkọ̀ yìí lọ, màá débẹ̀!"

"O wá kọjá lára rẹ̀."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà!"

"Nínú oòrùn yìí."

Ayọ̀ Ìjì dín díẹ̀. "Bàbá, ìdíje ni. Àwọn tó ń fa ọkọ̀ tó bá rì wà. Iṣẹ́ wọn ni."

"Ọkọ̀ tí wọ́n fi ń fa ọkọ̀ ti rì sí kọ́nà kejì. Wọ́n ń wá ọkọ̀ tó máa fà á."

"Bàbá, ẹ gbà mí!"

"Mi ò pàṣẹ fún ọ. Ìtàn ni mo fẹ́ sọ." Ohùn Bàbá wálẹ̀. "Lọ́dún tí oyún ọmọ mi yìí wà nínú ìyá rẹ̀, lọ́rì mi bàjẹ́ ní ọ̀nà jíjìn. Ìyá rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó ń rọbí. Awakọ̀ méjìdínlógún ló kọjá. Mo kà wọ́n. Ọ̀kan nínú wọn tiẹ̀ juwọ́ sí wa. Ẹni kọkàndínlógún ló dúró. Ẹja tútù ló kó, yìnyín ń yọ́ lórí ẹja, ó dúró. Ẹja náà bàjẹ́ tán pátápátá. Ọmọ tó o wá ń bẹ̀ mí fún yìí, ẹ̀yìn ọkọ̀ ẹja ni wọ́n bí i sí."

Inú bí Ìjì, kí n má purọ́. Inú bí i sí bàbá, ó bí i sí ẹja, ó bí i sí oòrùn. Ọdún méje! Ó la ìlà kọjá, wọ́n fi àsíá hàn án pé ó ku ẹyọ kan. Ó gba kọ́nà kìíní, ó gba ìkejì, ó wá rí ẹni náà lọ́ọ̀ọ́kán. Ọkùnrin náà ti bọ́ sílẹ̀, ilẹ̀ jó o lẹ́sẹ̀, ó gun òrùlé ọkọ̀, òrùlé jó o ní ìdí, ó tún bọ́ sílẹ̀. Ó ń fò bẹ́ẹ̀ sókè sódò, kò sẹ́ni tó wà nítòsí rẹ̀.

"Bàbá," ni Ìjì wí.

"Mò ń gbọ́."

"Ṣé ẹja yẹn pọ̀?"

"Ẹrù ọkọ̀ kan ni."

Ìjì tẹ bíréékì. Ó ń bú èébú ní inú, ó fi imú ọkọ̀ rẹ̀ kan ìdí ọkọ̀ pupa, ó sì pariwo sí ọkùnrin náà pé kó wọlé. Ọkùnrin náà bẹ́ sídìí ìwakọ̀. Ìjì tì í lẹ́ẹ̀kan, ó tì í lẹ́ẹ̀kejì, ní ẹ̀ẹ̀kẹta, ọkọ̀ pupa já gbà kúrò nínú ọ̀dà, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Ìjì náà fẹ́ lọ. Táyà rẹ̀ yí, yí, yí. Ọkọ̀ rẹ̀ kò kúrò lójú kan.

"Bàbá. Èmi náà ti rì."

"Mo rí i."

"Ẹni tí mo ràn lọ́wọ́ ń bọ̀ wàyí, sà. Ó ti yí po lẹ́ẹ̀kan. Ó ń bọ̀... ó ń bọ̀... ó kọjá, sà."

"Kò dúró?"

"Ó juwọ́ sí mi, sà."

"Irú wọn ò tíì tán láyé," ni Bàbá wí.

Ariwo sọ lókè níbi ìlà ìparí. Ọkọ̀ pupa ti borí. Ìjì bọ́ hẹ́líméètì rẹ̀, ó jókòó síbẹ̀, ó ń wo ọwọ́ ara rẹ̀. Nígbà tó máa gbójú sókè, Bàbá ló ń bọ̀ yìí, tó gbé agboòrùn dání, tó ń wá ibi tí ẹsẹ̀ lè tẹ̀ láàárín ọ̀dà, tó sì gbé ẹ̀rọ náà sẹ́nu síbẹ̀.

"Ṣé ò ń gbọ́ mi?" ni Bàbá bi í. Ìgbésẹ̀ mẹ́ta péré ló wà láàárín wọn.

"Mò ń rí yín, Bàbá."

"Tẹ bọ́tìnì rẹ kí n lè gbọ́ ọ."

Ìjì tẹ bọ́tìnì. "Bàbá, ife ti lọ."

"Ife? Ife mẹ́fà ló wà nílé wa, méjì ò tíì jáde nínú páálí. Ọkọ ni ọmọ mi ò ní."

Ìjì wò ó. Ó tún wò ó. "Bàbá... ṣé èsì nìyẹn?"

"Ṣé o fẹ́ kí n kọ ọ́ sára àsíá ni? Mo fún ọ ní ọmọ mi."

Ìjì já bọ́ látinú ọkọ̀. Kò wo ilẹ̀, kò wo ọ̀run, ó fẹ́ dọ̀bálẹ̀, orúnkún rẹ̀ ló kọ́kọ́ kanlẹ̀ gbì níwájú Bàbá, omijé ń bá òógùn ṣàn lójú rẹ̀. "Ẹ ṣé, sà! Ẹ ṣé gan-an ni, sà! Ẹ̀mí yín á gùn!"

"Àmín. Ó tó, dìde."

Ìjì gbìyànjú. Ó tún gbìyànjú. Ó gbé ojú sókè wo Bàbá. "Bàbá, mi ò lè dìde. Ọ̀dà ti gbá mi lórúnkún mú."

Bàbá yí i po lẹ́ẹ̀kan, ó fi agboòrùn bò ó lórí, inú rẹ̀ sì dùn gidigidi.

"Má wulẹ̀ tíì dìde," ló wí. "Jẹ́ kí n lọ pe ìyá ọmọ mi wá. Ó ti pẹ́ tó ti ń gbàdúrà fún ọkọ ọmọ tí ò ní lè sá lọ."