Ìkòkò Ọbẹ̀ Tó Kọjá Ààlà

Ẹjọ́ tó dé ààfin lánàá, ìkòkò ọbẹ̀ ló gbé e wá. Aránṣọ kan ló pe ọkọ rẹ̀, aṣọ́bodè, lẹ́jọ́. Orí ààlà orílẹ̀-èdè méjì ni ilé wọn wà: pálọ̀ wà ní ọ̀kan, ilé ìdáná wà ní èkejì. Àwọn orílẹ̀-èdè náà ń jà du ilẹ̀, kálukú sì ti pe aṣojú rẹ̀ padà sílé.

"Kábíyèsí, mo gbé ọbẹ̀ bọ̀ láti ilé ìdáná, ọkọ mi dábùú ẹnu ọ̀nà, ó ní kí n mú ìwé ìrìnnà wá. Mo rò pé àwàdà ni. Ló bá gbẹ́sẹ̀ lé ọbẹ̀, ó ní ẹrù fàyàwọ́ ni. Èmi ìyá ọmọ rẹ̀ ni mo wá di àjèjì. Bí kò bá fẹ́ mi mọ́, kó sọ ọ́. Mo ti di ẹrù mi."

Ó dun obìnrin náà dọ́kàn. Kábíyèsí kọjú sí ọkọ.

"Kábíyèsí, ìjọba ní ká ti ẹnubodè. Wọn ò yọ ilé tèmi sílẹ̀."

"Ọbẹ̀ náà dà?"

"Mo yẹ̀ ẹ́ wò."

"Báwo?"

"Mo tọ́ ọ wò. Àyẹ̀wò náà ló pẹ́ díẹ̀."

"Kí ló wá kù?"

"Ìkòkò."

Ìyá ọkọ dìde láti jẹ́rìí. "Irọ́ ni. Ojú mi ló ṣe, ọmọ mi ò fẹnu kan ọbẹ̀ kankan."

Káfíńtà tó múlé tì wọ́n ní, "Ìyá, ẹ̀yin kọ́ lẹ jẹ ẹran ibẹ̀?"

"Ẹran kẹ̀? Egungun ni wọ́n fún mi."

Aránṣọ wo ìyá ọkọ rẹ̀. "Ìyá, ìgbà wo ni wọ́n gbà yín síṣẹ́ ẹnubodè?"

Àwọn ìjòyè rẹ́rìn-ín. Kábíyèsí ò rẹ́rìn-ín.

"Aṣọ́bodè, mo fọwọ́ sí òfin rẹ. Ẹnubodè wà ní títì. Pálọ̀ ni kó o máa gbé. Yàrá ńkọ́?"

"Apá ilé ìdáná ló wà," ni aránṣọ wí.

"Ó dáa. Oúnjẹ àti bẹ́ẹ̀dì di ilẹ̀ òkèèrè, títí orílẹ̀-èdè méjèèjì á fi parí ìjà."

"Kábíyèsí, ìjà tí wọ́n ti ń jà kí wọ́n tó bí bàbá mi?"

"Àbí kó o lọ bá aṣojú ilẹ̀ tí ilé ìdáná wà sọ̀rọ̀. Ìyàwó rẹ ni mo fi jẹ ẹ́."

Aṣọ́bodè dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú ìyàwó rẹ̀. Aránṣọ káwọ́ gbera.

"Kí lẹ fẹ́ wá ṣe nílẹ̀ wa?"

"Oúnjẹ ni, ìyàwó mi."

"Ọjọ́ mélòó lẹ máa lò?"

"Gbogbo ọjọ́ ayé mi."

Ó wo ojú ọkùnrin náà, ó rí i pé tọkàntọkàn ló fi sọ ọ́. Inú rẹ̀ rọ̀.

"Ẹ máa bọ̀. Àmọ́ ẹ fọ ìkòkò mi kẹ́ ẹ tó kọjá."