Apajẹjẹrẹ àti Òróró Inú Ìgò

Apajẹjẹrẹ lorúkọ tó fún ara rẹ̀. Àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ní yàrá ìwádìí ń pè é ní Ajèrè-lára-jẹjẹrẹ, àmọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ni wọ́n ti ń pè é bẹ́ẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n ni, kò sì sẹ́ni tó lè gbàgbé, torí ó ní kí wọ́n kọ ọ́ sí àyà kóòtù funfun rẹ̀, kí wọ́n tún kọ ọ́ sẹ́yìn, fún àǹfààní ẹni tó bá ń rìn bọ̀ lẹ́yìn.

Ká má purọ́ mọ́ ọn, ó rí nǹkan. Ó mú sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ ìfun ńlá, irú èyí tí wọ́n máa ń sìn nínú abọ́ pẹlẹbẹ, ó kán èròjà inú ọ̀rá ẹja sí i. Nígbà tó máa fi wò ó lábẹ́ awò tó ń mú nǹkan tóbi, àwọn sẹ́ẹ̀lì náà ti ń sún kì, wọ́n ń kú lọ. Iṣẹ́ gidi ni, iṣẹ́ tó yẹ kéèyàn fara balẹ̀ tọpasẹ̀ rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Apajẹjẹrẹ ò ráyè ọ̀pọ̀ ọdún. Kò pẹ́ tí òróró ẹja fi wọ inú ìgò, tí àwòrán ọ̀jọ̀gbọ́n sì wà lára ìgò, tó ń rẹ́rìn-ín. Wọ́n ya ẹja náà sí i o, àmọ́ ó kéré débi pé ẹni tójú ń dùn á rò pé eṣinṣin ló bà síbẹ̀.

"Ṣé ẹ ti dán an wò lára èèyàn?" ìyàwó rẹ̀ bi í nídìí oúnjẹ àárọ̀.

"Ṣé kì í ṣe sẹ́ẹ̀lì èèyàn ló wà nínú abọ́ ni?"

"Abọ́ ni mo gbọ́ yẹn."

"Ìdí tí mi ò fi ń bá ẹ sọ̀rọ̀ sáyẹ́ǹsì nìyẹn."

Ọjọ́ tó fẹ́ fi òróró náà han ayé, gbọ̀ngàn kún, àwọn akọ̀ròyìn gbé kámẹ́rà wá. Ìlà iwájú ló mú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin jókòó sí, ìyẹn télọ̀ tó tọ́ ọ dàgbà lẹ́yìn tí ìyá wọn kú. Jẹjẹrẹ ìfun ń bá òun náà jà, àmọ́ oògùn ọsibítù ti ń ràn án lọ́wọ́ díẹ̀díẹ̀.

"Ẹ̀yin èèyàn mi," ni Apajẹjẹrẹ wí, "jẹjẹrẹ ti pàdé ọ̀gá ẹ̀. Ṣíbí kan láàárọ̀, ṣíbí kan nírọ̀lẹ́, ó parí."

Àtẹ́wọ́ sọ. Ó gbọ́wọ́ sókè bí ẹni tó fẹ́ kí wọ́n dákẹ́, àmọ́ ojú rẹ̀ ń bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n máa bá a lọ.

Ìgbà náà ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dìde.

"Àbúrò mi, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Oògùn ọsibítù yẹn ti sú mi, ó ń mú mi bì. Mo ti dà á nù láàárọ̀ yìí, mo sì ti sọ fún dókítà pé mi ò wá mọ́. Gbé ìgò kan wá. Tìẹ ni n ó máa mu."

Gbọ̀ngàn tún pàtẹ́wọ́. Gbogbo kámẹ́rà yí sí ọ̀jọ̀gbọ́n. Kó kàn na ìgò sí i ló kù. Ó wo ọrùn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ti rù nínú bùbá.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jókòó ná. A máa sọ ọ́ nílé."

"Kí la fẹ́ sọ nílé? Ṣebí o ní ṣíbí kan láàárọ̀?"

"Ẹ má mu ún."

"Kí ló dé?"

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ padà sọ́dọ̀ dókítà." Ó ti gbàgbé pé makirofóònù wà lẹ́nu òun. "Inú abọ́ ló ti ṣiṣẹ́. Ẹnikẹ́ni ò tíì mọ ohun tó máa ṣe nínú ara èèyàn. Nínú abọ́, tí mo bá da omi ọṣẹ lé wọn lórí, wọ́n á kú bákan náà."

Ẹnì kan wá béèrè látẹ̀yìn pé, "Ọ̀jọ̀gbọ́n, omi ọṣẹ ọ̀hún ńkọ́, ṣé ṣíbí kan láàárọ̀ náà ni?"

Ẹ̀rín bú. Àwọn tó ti ra ìgò lẹ́nu ọ̀nà tò láti dá a padà. Ọ̀gá àgbà yunifásítì tó ti ń ṣiṣẹ́ rọra gba makirofóònù lọ́wọ́ rẹ̀, bí ẹni gba ọ̀bẹ lọ́wọ́ ọmọdé.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wá sún mọ́ ọn. "Mi ò da nǹkan kan nù. Mo ti lo oògùn ọsibítù ti àárọ̀ yìí kí n tó kúrò nílé. Àwọn tá a jọ ń gba ìtọ́jú ló ń bi mí bóyá káwọn fi oògùn sílẹ̀ nítorí ìgò rẹ. Mo ní kí n gbọ́ ọ lẹ́nu ìwọ fúnra rẹ."

Ojú tì í débi pé kò mọ ibi tó máa wò. Síbẹ̀, ọkàn rẹ̀ balẹ̀ pé ẹ̀gbọ́n òun ò tíì fi oògùn sílẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí ìtọ́jú tún kàn, òun ló gbé báàgì ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dé ọsibítù, ṣẹ́ẹ̀tì lásán ló wọ̀. Bàbá arúgbó kan tí wọ́n ń fa oògùn sí lára gbójú sókè.

"Ọ̀jọ̀gbọ́n, òróró la máa gbà lónìí ni, àbí ọṣẹ?"

"Oògùn dókítà ni kẹ́ ẹ gbà, bàbá."

"A ti gbọ́. Rédíò ti sọ ọ́."

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ rẹ́rìn-ín títí nọ́ọ̀sì fi bẹ̀ ẹ́ pé kó dá apá dúró, òun fẹ́ rí iṣan.